Ṣé ká bu ìpékeré inú ọ̀rá kù ni, àbí ká fi owó lé e?

Onípékeré_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìpékeré ni mo ń ṣe, oníyọ̀ àti aládùn, mo sì ń kó o fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, Sáńgo àti Agbowó. 50 gíráàmù ló wà nínú ọ̀rá kan. ₦200 ni wọ́n ń tà á fún ẹni tó máa jẹ ẹ́, ₦170 lèmi ń gbà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù.

Tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tí ọ̀rá kan ń gbà lọ́wọ́ mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, gáàsì, ọ̀rá fúnra rẹ̀, owó ọmọ tó ń bá mi gé e, kò ju ₦140 lọ. Ní báyìí ó ti di ₦165. Òróró ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Náírà márùn-ún ló ń kù sí mi lọ́wọ́ lórí ọ̀rá kan, mo sì ń jí ní ìdájí.

Ẹnì kan tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní kí n bù ú kù sí 40 gíráàmù kí n sì dákẹ́, pé ta ló ń wọn ìpékeré kó tó jẹ ẹ́. Ọkọ mi ní kí n gbé e sí ₦250. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní tí mo bá fi kọ́bọ̀ lé e, àwọn ò gbà á mọ́. Ẹ bá mi dá sí i.

Oníṣirò_Ọ̀ṣogbo

Ẹ kú làálàá, àǹtí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, torí ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n là sílẹ̀ fún yín, ọ̀kan náà ni lójú owó.

₦200 fún 50 gíráàmù, ₦4 ni gíráàmù kan. Bí ẹ bá bù ú kù sí 40 tẹ́ ẹ ṣì ń tà á ní ₦200, gíráàmù kan di ₦5. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 50 tẹ́ ẹ gbé e sí ₦250, ₦5 náà ni. Ọjà ti wọ́n fún ẹni tó ń jẹ ẹ́, ibi yòówù kẹ́ ẹ gbà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nínú èkejì, ó mọ̀.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ tiyín. Ká ní ₦250 ni, tí ṣọ́ọ̀bù mú ₦35, ₦215 ló máa kàn yín, ₦50 á sì kù lórí ọ̀rá kan. Lónìí, ọgọ́rùn-ún ọ̀rá ló ń mú ₦500 wá fún yín. Ní ₦250, ọ̀rá mẹ́wàá ló ń mú ₦500 yẹn wá. Bí ìdajì àwọn oníbàárà yín bá tiẹ̀ lọ, èrè yín á jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti òní. Ẹ má jẹ́ kí ìhàlẹ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù pá yín láyà.

Ṣọ́ọ̀bù_Mushin

Ẹ̀gbọ́n oníṣirò, mo gbà fún yín, àmọ́ ẹ ti gbàgbé nǹkan méjì. Bí ọjà bá dín sí ìdajì, owó ọmọ tó ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní dín sí ìdajì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá sì pọ́n jù nílẹ̀, òfò ni.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. ₦250 kì í ṣe iye tó rọrùn láti san. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ tó ń bọ̀ láti ilé ìwé di ₦200 mọ́wọ́, owó kan ṣoṣo ni, ó nà án sí mi, mo fún un ní ìpékeré, ó lọ. Bí mo bá ní ₦250, ó máa wò mí, ó máa wo bisikíìtì, bisikíìtì ló máa mú. Bí àgbàlagbà bá sì fún mi ní ₦500, níbo ni n ó ti rí ₦50 tí n ó fi ṣe ṣéńjì? Súìtì la máa ń kó fún wọn, inú wọn kì í sì í dùn. Láti ìgbà tí owó ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi fóònù sanwó, àmọ́ ta ló máa ṣe tàǹsífà ₦250 nítorí ìpékeré? Àwọn kan ń ṣe é, wọn ò pọ̀.

Ẹ wo omi inú ọ̀rá. Ó jẹ́ ₦5 nígbà kan, ó di ₦10, ó di ₦20, ó di ₦50. Ẹ ò rí i kó dúró sí ₦15 tàbí ₦35. Owó tí ìjọba tẹ̀ ni ọjà àwa aláròóbọ̀ ń tẹ̀ lé.

Ìyá_Oníkóńgò_Bódìjà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàárì ni mò ń tà. Onípékeré, bó o bá máa fi owó lé e, fi lé e. Má bù ú kù ní kọ̀rọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ kóńgò. Àwọn kan máa ń lu ìdí rẹ̀ wọnú. Àwọn mìíràn á yọ́ àbẹ́là sísàlẹ̀ rẹ̀ títí á fi nípọn, wọ́n á wá da ẹ̀wà lé e, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì kó o jọ kó ga lókè gogoro. Ẹni tó ń rà á ń wo òkè, kò rí ìdí. Àmọ́ ìyàwó ilé tó ń ra kóńgò márùn-ún lóṣooṣù mọ ibi tó máa ń dé nínú ike rẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ tí kò bá débẹ̀, kò ní padà wá bá ẹ jà. Ìsọ̀ ẹlòmíràn ló máa yà sí, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ. Ìwọ á kàn máa rò pé ọjà ò lọ.

Èmi, kí n tó wọn nǹkan fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí, màá dojú kóńgò délẹ̀, màá fi ìka lù ú nídìí kó gbọ́ ọ, màá gbé e fún un kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí mo bá wọ̀n ọ́n tán, màá bu èènì lé e lójú rẹ̀. Iye tèmi máa ń ju ti àwọn tá a jọ jókòó lọ díẹ̀, wọ́n sì ń kọjá ìsọ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà.

Ọmọ_Peckham

Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé iṣẹ́ ńlá níbí náà. Ẹ mọ Toblerone, ṣokoléètì onígun mẹ́ta tí àwọn tó ń bọ̀ láti Yúróòpù máa ń rà wálé? Ní 2016, wọ́n fẹ àlàfo àárín àwọn ṣóńṣó orí rẹ̀ ní Bìrìtéènì níbí. Páálí rẹ̀ kò kúrú, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ 170 gíráàmù di 150, èyí tó jẹ́ 400 di 360. Wọ́n kọ iye gíráàmù tuntun sára rẹ̀ o, wọ́n tiẹ̀ kéde rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn èèyàn fi ṣe ẹlẹ́yà káàkiri, ìwé ìròyìn gbé e. Ní 2018, wọ́n dá a padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì sọ èyí tó ti di 150 gíráàmù yẹn di 200.

Ohun tó mú ojú àwọn èèyàn là níbí ni pé òfin ní kí ṣọ́ọ̀bù ńlá kọ iye kílò kan tàbí 100 gíráàmù sábẹ́ iye ọjà. O máa rí i ní pẹpẹ pé ọ̀rá yìí jẹ́ £1, àti nísàlẹ̀ pẹ́lú lẹ́tà kéékèèké, iye tí 100 gíráàmù rẹ̀ jẹ́. Ìyá mi tí kò kàwé púpọ̀ ti kọ́ láti máa wo ìsàlẹ̀ yẹn kó tó wo òkè. Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù keje 2024, bí ilé iṣẹ́ bá bu ọjà kù tí owó kò sì dín, ṣọ́ọ̀bù ńlá gbọ́dọ̀ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún oṣù méjì.

Ọmọ_Agége

Ẹ má bínú o, màá sọ̀rọ̀ tó yàtọ̀. Lọ́ńdọ̀nù kọ́ là ń gbé. Nígbà tí fúláwà gbówó lórí lẹ́yìn tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022, tó tún wá di pé náírà já wálẹ̀ ní 2023, kí ni àwọn oníbúrẹ́dì ṣe? Wọ́n bù ú kù. Búrẹ́dì tí èèyàn mẹ́ta ń jẹ kí wọ́n tó yó di ti ẹnì kan. A pariwo, a sì ń rà á. Ọṣẹ tín-ínrín, bisikíìtì kéré, mílíìkì inú ọ̀rá náà ń fẹ́lẹ́ sí i. Ẹni tó ní ₦200 péré, ₦200 náà ló ní. Bí onípékeré bá gbé tirẹ̀ sí ₦250, ó ti lé ẹni yẹn lọ. Bó bá bù ú kù, ẹni yẹn á ṣì rí nǹkan fi sẹ́nu. Mi ò rí ìkà nínú ìyẹn. Bí mo ṣe rí i, àánú ló wà níbẹ̀.

Onílébẹ́ẹ̀lì_Ìkẹjà

Ọmọ Agége, ọ̀rọ̀ rẹ ní ìtumọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fojú tín-ín-rín ẹni tó ní ₦200. Àmọ́ iṣẹ́ mi ni pé mò ń tẹ àmì sára ọ̀rá oúnjẹ, mo fẹ́ kí àǹtí mọ nǹkan kan. Ṣé 50g wà lára ọ̀rá yín? Bó bá wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ wá ki 40 sínú rẹ̀, irọ́ lẹ tẹ̀ sára ọjà yín yẹn. NAFDAC ní kí oúnjẹ tá a dì kọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ sára, ohun tẹ́ ẹ bá kọ ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń rí yẹn, bí wọ́n bá bu ọjà kù, wọ́n máa ń yí nọ́ńbà ara páálí padà. Ẹni tó bá kà á á rí i. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ dákẹ́ yẹn kò sọ èyí fún yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 40 gíráàmù, ẹ tẹ 40g. Ìyẹn kò burú.

Onípékeré_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀. Màámi Bódìjà, ẹ ṣeun mà, mo ka tiyín sókè fún ọkọ mi. 50g wà lára ọ̀rá mi, ó wà níbẹ̀ gbàǹgbà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kí n bù ú kù kí n dákẹ́ ti parí lọ́dọ̀ mi.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ. Púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí kì í sanwó lọ́wọ́. "Kó o sílẹ̀, tó bá tà màá fún ẹ." Bí mo bá padà lọ, ó ti tà, owó kò sí. Àwọn kan ti jẹ mí láti oṣù tó kọjá. Mo sì ń lọ ra òróró ní owó ọwọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Háà, ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí òwò yín ti ń jò gan-an nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sílé wa díẹ̀.

Àwọn bàbá wa láyé ìjọba òyìnbó, àwọn òṣómàáló, aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n tà á dé òkè Ọya. Wọ́n á gbé aṣọ fún àgbẹ̀, àgbẹ̀ á máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ ìsanwó bá pé tí kò sí owó, òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ó ní òun ò ní dìde àfi tóun bá gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń rántí nìyẹn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé iye aṣọ àwìn kò dọ́gba pẹ̀lú iye aṣọ owó ọwọ́. Owó ìdúró ti wà nínú rẹ̀, ewu ẹni tó lè sá lọ náà ti wà níbẹ̀. Òṣómàáló kì í sì í gbé aṣọ fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin ń ta àwìn ní iye owó ọwọ́. Oníṣọ́ọ̀bù mú ₦30 lórí ọ̀rá kan, ó tún ń fi ₦170 tiyín ṣòwò fún oṣù kan. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, òun ló ń jèrè ìpékeré yín. Ẹ ní iye méjì: ẹni tó bá sanwó lọ́wọ́ rà á ní iye kan, ẹni tó bá gbà á láwìn rà á ní iye tó ga, pẹ̀lú ọjọ́ tó máa san án. Ẹni tó bá jẹ gbèsè àkọ́kọ́, ẹ má kó èkejì fún un kó tó san án.

Ṣọ́ọ̀bù_Mushin

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Èmi tí mo jẹ́ oníṣọ́ọ̀bù ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọjà tí mo bá ti sanwó rẹ̀, iwájú ni mo máa ń kó o sí, níbi tí ojú á ti rí i, torí owó mi ti wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kó sílẹ̀ fún mi láìgba nǹkan kan, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Ẹ̀dá ni wá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín tí wọ́n bá ní àwọn ò gbà á mọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè pé èló ni wọ́n ń jẹ lórí ọ̀rá kan. Bí ₦30 bá di ₦40, ariwo yẹn á rọlẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ kọ́ ló máa kọ́kọ́ pariwo, oníṣọ́ọ̀bù ni, torí èrè tirẹ̀ ló ń rò.

Oníkáàdì_Abẹ́òkúta

Mo ń ta káàdì ìpè láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Nígbà náà, ìṣẹ́jú kan ń lọ ní nǹkan bí ₦50, ìṣẹ́jú odindi ni wọ́n sì ń kà. Bó o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ìṣẹ́jú méjì lo san. Mo ń rí àwọn èèyàn tó tẹjú mọ́ aago fóònù wọn, tí wọ́n ń sáré kígbe "ó ti fẹ́ pé o, ó dàbọ̀!" Inú ń bí wọn, àmọ́ kò síbi tí wọ́n máa gbà.

Oṣù kẹjọ 2003 ni Glo dé, wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá ni àwọn á máa kà. Ohun tó o bá lò lo máa san. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ kò pẹ́ tẹ̀ lé wọn, torí àwọn èèyàn ń lọ. Kì í ṣe pé ìpè wọn ṣàdédé di ọ̀fẹ́ o. Òṣùwọ̀n ni wọ́n tún ṣe, òṣùwọ̀n náà ni wọ́n sì polówó. Àǹtí, ìwọ̀n pípé yín lè jẹ́ ìpolówó yín. Ẹ tẹ 50g yẹn tóbi ju orúkọ yín lọ.

Ọmọ_Agége

Mo gbọ́ gbogbo yín. Mo ṣì dúró lórí ẹni tó ní ₦200 o. Kí lẹ máa ṣe fún un?

Ṣọ́ọ̀bù_Mushin

Ọ̀rá méjì. Nígbà tí Cowbell gbé mílíìkì inú ọ̀rá kékeré wá ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, agolo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà, ẹni tí owó agolo kò ká, tíì dúdú ló ń mu. Wọn ò bu agolo kù. Nǹkan tuntun tó ní ìwọ̀n tirẹ̀ àti iye tirẹ̀ ni wọ́n ṣe, gbogbo àwọn yòókù ló sì padà wá ṣe ọ̀rá.

Bó ṣe yẹ kí àǹtí ṣe é nìyẹn. Kékeré ní ₦200, 40g gbàǹgbà lára rẹ̀, àwọ̀ ọ̀rá tó yàtọ̀. Ńlá ní ₦500, 100g, fún àwọn tó wà ní ọ́fíìsì àtàwọn tó ń rìnrìn àjò. Kò sí ₦250, kò sí wàhálà ṣéńjì. Gíráàmù kan dọ́gba nínú méjèèjì, ₦5.

Oníṣirò_Ọ̀ṣogbo

Ìyẹn dára ju tèmi lọ. Ẹ fi díẹ̀ kún un: ẹ sọ ńlá di 110g. Kí ẹni tó bá ra púpọ̀ rí i pé òun jẹ èènì. Ọ̀rá ńlá kan ni ẹ máa dì dípò kékeré méjì àti ààbọ̀, owó ọ̀rá àti owó iṣẹ́ á dín, ibẹ̀ ni èènì yẹn ti máa wá.

Ìyá_Oníkóńgò_Bódìjà

Èènì! Ọmọ yìí gbọ́n. Onípékeré, lọ bá àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ Fan Milk sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìbàdàn wa níbí, ní Eléyẹlé, ni wọ́n ti ń ṣe nǹkan tútù yẹn, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ń dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jókòó lé owó rẹ, wá ọmọ méjì tó máa gbé igbá lọ síbi tí èèyàn pọ̀ sí, owó ọwọ́ ni wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni kó o fi ṣe é o, má fi ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì ṣe é.

Onípékeré_Ìbàdàn

Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé gbogbo yín, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Ọ̀rá 50 tó wà nílẹ̀, mo máa tà á tán ní ₦200 bó ṣe wà, torí ohun tí mo kọ sára rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, 40g ní ₦200 àti 110g ní ₦500. Ṣọ́ọ̀bù tó bá sanwó lọ́wọ́ á gba kékeré ní ₦165, èyí tó bá fẹ́ àwìn á gbà á ní ₦175, ọjọ́ méje. Àwọn tó jẹ mí, kí wọ́n san án ná.

Mo fẹ́ lẹ ìwé kékeré mọ́ páálí tí mo máa kọ́kọ́ kó lọ. Ẹ bá mi wò ó: "Ẹ jọ̀ọ́, nítorí òróró tó gbówó lórí, a ti yí ìwọ̀n ìpékeré wa padà. ₦200 ti di 40g. Tuntun dé: 110g ní ₦500. Ohun tá a kọ síta ló wà nínú rẹ̀."

Ṣọ́ọ̀bù_Mushin

Ó dáa, àmọ́ ẹ gbé ti tuntun sókè, kẹ́ ẹ fi ti òróró sísàlẹ̀. Ẹ sì kọ "50g tẹ́lẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ 40g yẹn, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó rántí rò pé ẹ fẹ́ fi pamọ́. Ṣé ẹ ń kó ọjà wá sí Èkó? Mo fẹ́ gba páálí méjì, owó ọwọ́.

Onípékeré_Ìbàdàn

Mo ti tún un kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mo máa fi sí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọjọ́ọta lọ́jọ́ Ajé.